Ọkọ Ìyàwó Dé, Ẹ Bá Wa Gbé Abọ́

Ẹ̀yin akọ aláǹtakùn Veddel, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn lónìí. Ẹ má sá gun afárá, ẹ jókòó. Ta ló fi yín ṣe ọkọ?

Erékùṣù ni Veddel, láàárín odò Elbe ní Hamburg. Láti 1901 ni Albert Ballin, ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ti kọ́ ilé síbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n á sùn, wọ́n á jẹun, ọkọ̀ á wá gbé wọn. Àwọn yẹn jẹun kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin gan-an loúnjẹ.

Ẹ wo àwọn ìyá ńlá tó ta àwọ̀n sára afárá lórí omi, níbi tí iná alẹ́ ti ń bá wọn pe kòkòrò. Òwú ara wọn ni wọ́n fi kọ́lé, wọn ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ohun tó bá mi òwú ni wọ́n mọ̀. Eṣinṣin mì í, ìyá sáré sí i. Ìwọ náà dé, pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ìgbálẹ̀, o mì í, o ní ìfẹ́ lo bá wá. Ṣé wọ́n kọ ọ́ sí ẹ níwájú orí ni?

Ẹ̀ ń pè wọ́n níkà. Ebi ń pa wọ́n ni! Ẹyin inú ìyá ń fẹ́ oúnjẹ kó tó fẹ́ bàbá, akọ kan lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá jẹ gbogbo yín tán, ẹyin rẹ̀ ò ní pa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò tán rí, àgídí yín ò jẹ́. Ní 1997, àwọn onímọ̀ Arnqvist àti Henriksson ní Sweden tún dá àbá mìíràn: ọmọbìnrin tó ti ń bu ohun gbogbo jẹ láti kékeré ló ń dàgbà di abara nínlá, ẹyin rẹ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n ìwà náà ò ní mọ ìgbà tí àlejò jẹ́ àfẹ́sọ́nà.

Jutta Schneider ní Yunifásítì Hamburg ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo irú èyí lára aláǹtakùn abilà tó jọ agbọ́n. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń kú lórí ibùsùn ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn yẹn tilẹ̀ fọwọ́ kan ìyàwó! Ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lẹ́nu ọ̀nà, kí lẹ máa sọ fún bàbá yín lọ́run?

Ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n yín inú koríko, aláǹtakùn Pisaura mirabilis, ọmọlúàbí. Òun kì í sábà lọ lọ́wọ́ òfo: eṣinṣin ni yóò pa, yóò fi òwú funfun dì í, ẹrù ìdána nìyẹn. Ìyàwó ń jẹun, òun náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn olùwádìí Søren Toft àti Maria Albo rí i pé akọ tó gbé ẹ̀bùn dání kì í fi bẹ́ẹ̀ di ẹran bíi ti ẹni tó wá lásán.

Ẹ tún gbọ́ o! Oníjìbìtì wà nínú wọn. Wọ́n á di èèpo kòkòrò tí wọ́n ti mu gbẹ, wọ́n á fi òwú ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, bíi ti ilé Veddel tí oníṣẹ́ ọnà Boran Burchhardt fi wúrà bo ojú ògiri rẹ̀ ní 2017, tí inú ilé ò sì yí padà. Ìyàwó bá jẹ ẹ́ wò, ó ní ó ti tó, dìde. Bó bá sì fẹ́ gbé ẹrù sá lọ, ọkọ á dì í mú, á kú bí òkú gidi, ìyàwó á máa wọ́ ọ nílẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti dé ẹnu ìyàwó, òkú á jí! Ìran yín ò nítìjú rárá.

Ìdájọ́ mi rèé: ìyàwó jàre. Ẹ̀yin àpọ́n tó sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ kí àfẹ́sọ́nà ní Veddel, ẹja díndín wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn.