Olè Tó Jí Kàkàkí Ọba, Tó Tún Ra Àgádágodo fún Un

Nígbà tí àwọn àgbà bèèrè pé olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ẹrù kan wà tí ohùn ara rẹ̀ yóò tú àṣírí ẹni tó jí i, nítorí kàkàkí jẹ́ fèrè onírin tó gùn ju ìdúró ènìyàn lọ, tí a kì í fọn bí kò ṣe fún ọba, tí kò sì sí kọ̀rọ̀ kan láàárín ìlú tí olè lè gbé e sẹ́nu tí ààfin kò ní gbọ́. Síbẹ̀, òwe náà ṣì bu ọlá díẹ̀ fún olè: ó gbà pé ó wù ú láti fọn ohun tó jí, pé ẹ̀rù ọba nìkan ni kò jẹ́ kó fọn ọ́n. Olè tí kò wá sí wọn lọ́kàn rárá ni èyí tí yóò gbé kàkàkí délé, tí yóò na owó ara rẹ̀ ra àpótí tí kò ṣeé já, tí yóò ti kàkàkí mọ́ ibẹ̀, tí yóò sì wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa wá kọ́kọ́rọ́. Ìdí ẹ̀rọ gémù ni ó rọrùn jù láti rí irú rẹ̀ lóde òní.

Ní àdúgbò bí Alékúwodò ní Òṣogbo, bí ó ti rí ní Iléṣà náà, ilé gémù jẹ́ yàrá tí a to tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ gémù sí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó kí wọ́n tó di páàdì mú. Ẹ̀rọ tí onílé gémù ń wá ni èyí tí wọ́n ti "kíráàkì", ìyẹn ni pé wọ́n ti fọ́ àgádágodo tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i lára, kí ó lè gba gémù tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó lókìkí ni PlayStation 3, tí Sony gbé jáde ní 2006: ẹ̀rọ náà kì í ṣí gémù kankan àfi èyí tó bá ní òǹtẹ̀ Sony, òǹtẹ̀ tí a fi ìṣirò ṣe, tí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí padà nígbà gbogbo tí a bá ń lù ú. Ní oṣù Kejìlá 2010, àwọn ọmọràn kan tí ń jẹ́ fail0verflow fi hàn ní ìpàdé kan ní Berlin, ní Jámánì, pé nọ́ńbà kan náà ni Sony ń lò ṣáá. Kò pẹ́ tí George Hotz, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà, fi tú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà síta. Sony pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní 2011, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ rọrùn láti da ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ gémù jọ sínú hard disk kan, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí a fi ń tọ́jú ìwífún, kí a so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí a sì gbàgbé àwo gémù pátápátá.

Ẹni tó ti fọ́ àgádágodo onílé kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀yìn. Sony kì í ṣe Òṣómàáàlò, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tí ń ta aṣọ láwìn, tí wọn yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Tokyo jìnnà sí Alékúwodò. Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ka fífọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló ń ba onílé gémù lẹ́rù. Ẹni tó ń bà á lẹ́rù ni onílé gémù ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì títì, tó lè da gbogbo gémù náà kọ láàárín òru kan. Gémù tí òun náà kò rà ló wá di dúkìá tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jí, inú a sì máa bí i bó bá ti rò ó. Ohun tó gbé e dé ìdí hard disk alárokò nìyẹn.

Nínú irú hard disk yìí ni ṣípù kékeré kan wà tí ń da gbogbo ìwífún rú kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ní tò ó padà àfi fún ẹni tó bá mú nọ́ńbà àṣírí wá. Ìlànà tó ń lò, tí a ń pè ní AES, ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà wọlé ní 2001 fún iṣẹ́ ìjọba, òun náà ni a sì wá fi ń ṣọ́ gémù bọ́ọ̀lù. Oríṣi kan kò ní bọ́tìnì lára. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀, nínú ètò kan tí a ṣe fún Windows tàbí Mac, tí ẹ̀rọ gémù kò sì mọ̀ rárá. Olówó rẹ̀ yóò gbé e lọ sídìí kọ̀ǹpútà, yóò ṣí i, gbogbo gémù yóò fara hàn, yóò sì yọ okùn rẹ̀ láti gbé e lọ sára ẹ̀rọ gémù. Bí okùn bá ti yọ, iná ti kúrò lára disk, bí iná bá sì ti kúrò, disk ti ti ara rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò ní okùn ni kò dára.

Oríṣi kejì wọ́n jù ú lọ, ó sì gbọ́n jù ú lọ: bọ́tìnì nọ́ńbà wà lára òun fúnra rẹ̀, nítorí náà kò bìkítà bóyá kọ̀ǹpútà ni a so ó mọ́ tàbí ẹ̀rọ gémù. Àmọ́ ẹni tó ṣe é kò gbé ní Òṣogbo rí. Òṣogbo ni ibùdó tí a ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, ìyẹn kò sì ní kí iná má lọ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024 nìkan, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú. Kí a wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ku díẹ̀ kó parí, tó jẹ́ góòlù kan sí kan, tí owó sì ti wà nílẹ̀: iná lọ, jẹnẹrétọ̀ dún, tẹlifíṣọ̀n jí, ẹ̀rọ gémù jí, ṣùgbọ́n iná pupa ń tàn lára disk, ó ń bèèrè nọ́ńbà, ẹni tó mọ nọ́ńbà sì ti lọ jẹun. Ọmọ tó ń ṣọ́ ilé gémù yóò tẹ ọjọ́ ìbí ọ̀gá rẹ̀, yóò tẹ 1234, àwọn oníbàárà yóò máa bá a dá àbá, láìmọ̀ pé bí àṣìtẹ̀ bá ti pé iye kan, ṣe ni a ṣe irú disk bẹ́ẹ̀ kí ó pa kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ rẹ́.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n bá pè yóò ṣe ohun tó mọ̀: yóò tú àpótí náà, yóò yọ disk inú rẹ̀, yóò kì í bọ àpótí mìíràn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣiṣẹ́ níhìn-ín, nítorí ṣípù tó lè to ìwífún padà kù sínú àpótí àkọ́kọ́. Lára àwọn My Passport kan tí Western Digital ṣe, bẹ́ẹ̀ ló rí bí olówó rẹ̀ kò bá tilẹ̀ fi nọ́ńbà kankan sí i rí. Ohun tó kù ni kí wọ́n sọ disk náà dòfìfo bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, kí olówó rẹ̀ sì wá ibi tí yóò ti rí gémù dà kọ. Ẹni tó ní in lọ́pọ̀ yanturu, lórí disk tí kò ní àgádágodo kankan, ni onílé gémù òdìkejì títì, tí yóò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì bá a ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá délé, yóò fi nọ́ńbà tuntun tì í, nítorí ọ̀tá pọ̀, yóò sì fi báírò kọ nọ́ńbà náà sórí sẹ́lótéépù, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn disk, kí ọmọ tó ń ṣọ́ ilé gémù má baà tún máa wá a kiri.