Ata Inú Ìgò

Ẹ wo àwọn ìgò ata tí àwọn aláta ìgbàlódé ń ṣe díẹ̀díẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ìgò ṣóńṣó, agbárí òkú lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó se ọbẹ̀ ìkómọ. Wọ́n á fi iyọ̀ sí ata, wọ́n á dé e kó kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú fínígà. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Kíkan ló ń ṣáájú, òórùn ata á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni etí á wá gbóná.

Ìkìlọ̀ ara ìgò ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹ̀kán kan péré! Ṣé ata ni àbí oògùn ojú?

Wọ́n tún ń kọ iye títa rẹ̀ sí i. Apoògùn kan, Wilbur Scoville, ló dá ìwọ̀n yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1912. Lọ́dún 2023, Pepper X tí Ed Currie gbìn ní South Carolina gba ipò kìíní lágbàáyé pẹ̀lú 2,693,000 lórí ìwọ̀n náà. Ata rodo tiwa kì í sábà kọjá 350,000. Ẹbí kan náà sì ni wọ́n o. Ọ̀kan ń gbàwé ẹ̀rí, èkejì wà lórí àtẹ ní Bódìjà, wọ́n ń fi ṣe èènì.

Màmá kan lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́mọ ní Houston. Ìgò tó yẹ kó lo oṣù mẹ́fà, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀kan ló bá lọ. Màmá ní kò burú, àmọ́ kí wọ́n fi ata sí i.