Kábíyèsí Borrelia, Agẹṣin-Eégbọn-Wọ̀lú

Kábíyèsí Borrelia burgdorferi, kòkòrò tí ń fa àrùn Lyme, ọba tí ojú kò tó, ẹlẹ́yìn-lílọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ tí ó ń jó bí ó ti ń rìn, láti ọdún 1981 tí Willy Burgdorfer ti ká yín mọ́ inú ìfun eégbọn, tí ayé sì fi orúkọ ẹni tí ó tú yín láṣìírí sọ yín lórúkọ, ni àwa tí a ń gbé Toronto ti jẹ yín ní gbèsè ìyìn. Ẹ jẹ́ kí n san án lónìí.

Ọba mìíràn a gun ẹṣin, ẹ̀yin gun eégbọn tí ọmọ rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyẹ tí ń ti gúúsù bọ̀ nígbà ìrúwé ní ń gbé ẹṣin yín fò, eku inú igbó ní ń gbà yín lálejò, àgbọ̀nrín ní ń bọ́ ẹṣin náà yó. Long Point lẹ́bàá adágún Erie ni irú eégbọn yìí kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ní Kánádà láàárín àwọn ọdún 1970. Lónìí ààfin yín ti dé àfonífojì Rouge, ní Scarborough, níbi tí àwọn ènìyàn wa ń kó ọmọ lọ najú sí. Kí ẹ tó wọlé, itọ́ ẹṣin yín a pa awọ ara kú kí onílé má baà mọ̀ pé a gé òun jẹ; ẹ̀yin a sì fi purotéènì Salp15 inú itọ́ náà bora, kí ẹ̀ṣọ́ má baà dá yín mọ̀. Ẹ kú ọgbọ́n!

Ṣùgbọ́n òrùka pupa tí ń yọ láàárín ọjọ́ 3 sí 30, tí ń fẹ̀ títí yóò fi kọjá sẹ̀ǹtímítà 5, tí àárín rẹ̀ a sì máa mọ́ nígbà mìíràn, ni ẹ pè ní adé. Adé kẹ̀? Ta ní rọ ọ́? Ẹ kò tu oró kankan tí a mọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú awọ ni ó fi ojú TLR2 wọn rí purotéènì ọlọ́ràá tí ń bẹ lára ẹ̀wù yín, tí wọ́n fi igbe ta. Sẹ́ẹ̀lì T gbọ́, ó fi interferon-gamma dáhùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, awọ pọ́n, ó gbóná. Bí ẹ ti ń sá kúrò láàárín ni wọ́n ń lépa, etí òrùka sì ni ojú ogun. Ohun tí ẹ pè ní adé, ògùṣọ̀ àwọn tí ń lé olè ni.

Ìwọ Borrelia, mo mọ ibi tí o ṣì ń sá pamọ́ sí. Lára òyìnbó, òrùka rẹ pọ́n kedere. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè jọ ibi tí a ti fara gbá, kí dókítà tí ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ wa sì wí pé kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í sábà rí ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ara kò tíì kó ohun ìjà tí àyẹ̀wò náà ń wá jọ. Òrùka ni olórí ẹlẹ́rìí nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹni tí ó bá ti Rouge dé, kí ó yẹ abíyá, itan àti ẹ̀yìn orúnkún wò kí ó tó sùn, nítorí ẹṣin rẹ sábà máa ń lò ju ọjọ́ kan lọ lára kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Bí òrùka bá yọ, pupa ni o, dúdú ni o, kí ó sọ fún dókítà pé òun ti wọ igbó. Doxycycline wà nílé oògùn, kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọba, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.