Ẹnjiníà Ó-Ti-Parí

Kò sí àdúgbò tí kò ní ẹni tirẹ̀ tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, ṣùgbọ́n ti Joju ní Ṣàngó Ọ̀tà yàtọ̀. Orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Nínú fóònù àwọn oníbàárà, "Ẹnjiníà Láptọ́ọ̀pù" ló ń jẹ́. Èmi ń pè é ní Ẹnjiníà Ó-Ti-Parí, nítorí gbólóhùn yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì jókòó, ó ti parí. Kò tíì ṣí ẹ̀rọ, ó ti parí. Bó bá lọ tán, ẹ óò wá rí i pé owó ọwọ́ yín nìkan ló parí.

Ẹ ò ní ṣì í mọ̀. Báàgì dúdú ló ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju sukudiráfà kan tí orí rẹ̀ ti jẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, ṣájà mẹ́ta tí kò bá láptọ́ọ̀pù kankan mu, àti flash kékeré kan tó gbà pé ìwòsàn gbogbo àìsàn wà nínú rẹ̀. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ka láptọ́ọ̀pù, fóònù, dìkódà, POS, ínfátà, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní bá òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan lẹ óò bá, tí iṣẹ́ tó tíì kọ́ kò ju kó sọ pé, "Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

Ó ní ẹ̀kọ́ ilé, a ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Bó bá wọlé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, Mọ́mì. Ẹ kú wàhálà ẹ̀rọ yìí." Á gbé láptọ́ọ̀pù náà sókè, á mì í, á gbé etí sí i, á mi orí, á wá béèrè ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Mọ́mì, ta ló ṣí ẹ̀rọ yìí kẹ́yìn?" Lójú rẹ̀, ẹni tó ṣí i kẹ́yìn ló bà á jẹ́. Bí Mọ́mì bá ní, "Ìwọ náà ni, Ẹnjiníà, lóṣù tó kọjá," ojú kì í tì í. "Ẹ ò rí i, Mọ́mì! Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni. Mo ti lé e lọ."

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ní kàfé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wo èsì JAMB, tí àwọn olùkọ́ sì ń tẹ ìdánwò. Àìsàn láptọ́ọ̀pù ìyá yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kì í gba iná àfi bí wọ́n bá tẹ okùn ṣájà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ihò tí ṣájà ń wọ̀ ló ti mì. Kékeré ni ihò yẹn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ kí olùkọ́ kan tó tẹ ìdánwò tirẹ̀ tán. Ó-Ti-Parí ṣí ẹ̀rọ, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ihò àtijọ́ náà padà síbi tó wà, iná wọlé. "Ó ti parí, Mọ́mì." Ìyá sanwó ohun èlò, ó sanwó iṣẹ́, ó tún fi Malt lé e lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ yadi. Wáyà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà, kò rántí kì í padà. Wọ́n pè é, ó padà wá, ohùn dé. Bí ohùn ṣe dé ni lẹ́tà A àti lẹ́tà O lọ. Ẹ ò lè mọ bí ìyà ṣe pọ̀ tó àfi tí ẹ bá tẹ Yorùbá láìsí A, láìsí O. Okùn kan wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ìdè kékeré kan ló sì dì í mú. Èékánná ni wọ́n fi ń rọra gbé ìdè náà sókè kí wọ́n tó fa okùn. Agbára ni tiwa fi fà á. Ó ní kí ìyá ra kíbọ́ọ̀dù míì kó máa kì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n rà kó lè ṣeé gbé rìn wá di ohun tí kò lè kúrò lórí tábìlì mọ́.

Nọ́ọ̀tì wá ńkọ́? Mẹ́rin ṣẹ́ kù sórí tábìlì. Ó kó wọn sápò, ó ní, "Àwọn òyìnbó kàn fi ìyẹn kún un ni." Àwọn tó padà síbi iṣẹ́ náà, kò mọ èyí tó gùn nínú wọn yàtọ̀ sí èyí tó kúrú. Nínú láptọ́ọ̀pù, gígùn nọ́ọ̀tì yàtọ̀ síra; bí wọ́n bá fi èyí tó gùn sí ihò èyí tó kúrú, á gún bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tó bá sì gún lè máà jí mọ́. Ó tún nu ọ̀rá tó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń gba ooru rẹ̀ kúrò, kò fi tuntun sí i. Láti ọjọ́ náà ni fáànù ti ń pariwo, tí ẹ̀rọ sì ń kú fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ooru bá mú un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Ẹnjiníà dá lẹ́bi.

Bí ojú ẹ̀rọ bá wá ṣókùnkùn, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ńlá ti ń jáde: "IC ló jóná, Mọ́mì. A máa fi hítà jó o." Ìtàn hítà yìí kì í ṣe ti Joju nìkan. Ní oṣù keje ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Nvidia ní Amẹ́ríkà kéde pé òun ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ègé tó ń gbé àwòrán sójú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń bàjẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Inú ègé náà gan-an ni àbùkù wà, bó ṣe ń gbóná tó sì ń tutù léraléra ló ń mú kó ya. Bí wọ́n bá fẹ́ iná sí i, á jí fúngbà díẹ̀, á sì tún kú. Ọbẹ̀ tó kan ni wọ́n ń gbé kaná: ó lè hó, kò ní kó má kan. Ẹnjiníà wa ò gbọ́ orúkọ Nvidia rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ojú ẹ̀rọ bá ti mọ́lẹ̀, kó tètè gbowó rẹ̀ kó tó tutù.

Bí gbogbo ọgbọ́n bá tán, ó ku fọ́máàtì. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ló máa ń béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé nǹkan pàtàkì wà nínú rẹ̀ ni?" Bí ráàmù 8GB bá sì di 4GB kí ẹ̀rọ tó padà délé, á ní Windows tuntun ló jẹ ìyókù.

Ẹ pè é lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ gbọ́. Ó wà ní Computer Village n'Ìkẹjà, ní òpópónà Otigba, ó ń wá bọ́ọ̀dù. Láàárọ̀, ó ti ń bọ̀, ó ti dé Abúlé Ẹ̀gbá. Lọ́sàn-án, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un ní Tollgate. Lálẹ́, ó ti dé Ṣàngó lábẹ́ bíríìjì. Ẹ sì ń gbọ́ ohùn alágbo Joju tó ń polówó lẹ́yìn rẹ̀ nínú fóònù.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu tiẹ̀ náà. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù tí à ń gbé fún un, ọjọ́ orí wọn ò sì kéré. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, bó bá dé lójijì á dé pẹ̀lú agbára. Eruku àwọn tírélà tó ń lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ọ̀tà ń wọ inú fáànù. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, àwọn tó ṣe é ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ inú, wọ́n jó ráàmù mọ́ bọ́ọ̀dù, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni ní àwòrán ọ̀nà iná inú rẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni.

Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n wà, mítà lẹ óò sì fi dá wọn mọ̀. Kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ, wọ́n á wọn ṣájà: ṣé 19 volt tí wọ́n kọ sí i lára ló ń mú jáde? Wọ́n á ṣí i tán, wọ́n á wá 3.3 volt àti 5 volt lórí bọ́ọ̀dù. Ibi tí iná bá dúró sí, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ó-Ti-Parí náà ní mítà, bátìrì rẹ̀ ló ti kú. Ní 1964, oníṣẹ́ ọnà Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ère Ṣàngó, òrìṣà àrá, síwájú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, l'Ékòó. Ẹni tó wá ń ṣiṣẹ́ iná ní ìlú tó ń jẹ́ Ṣàngó, tí kì í wọn iná kó tó fọwọ́ kàn án, ó láyà.

Àwa la sì ki í láyà. "Èló ni?" la máa ń béèrè ká tó béèrè "Kí ló ṣe é?" Á pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, a ó ná an sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, òun náà á sì ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. A ò gba rìsíìtì. Bó bá ba ẹ̀rọ jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun náà la óò tún pè lẹ́ẹ̀kẹrin, torí pé ó mọ ilé, ó sì ń dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin ará Joju, àti gbogbo ẹ̀yin tí tiyín wà ládùúgbò yín, ẹ gbọ́. Ẹ kó ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yín pamọ́ síbòmíràn kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó ṣí i lójú yín, kẹ́ ẹ ka nọ́ọ̀tì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gba ohun tó yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ san ìdajì owó, kí ìyókù di ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ẹ bá sì pàdé oníṣẹ́ kan tó fi mítà wọn ẹ̀rọ yín, tó wò ó títí, tó wá ní, "Ẹ má bínú mà, èyí ju agbára mi lọ," ẹ fún un lówó ọkọ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀. Òun ni ẹnjiníà.