Ta Ló Rán Yín Níṣẹ́ Dé Odò Ògùn?

Ẹ gbọ́ o, èmi kì í ṣe olófòófó. Yàrá tí mò ń gbé ló kọjú sí géètì, Ọlọ́run ò sì di etí mi. Bí àwọn èèyàn bá dúró síwájú fèrèsé mi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣé kí n fi òwú di etí ni? Torí náà, nígbà tí àkọ́bí onílé wa, èyí tó ń gbé ní London, wálé wá ṣọdún Kérésì, tó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ní àfonífojì odò Ògùn, mo ti gbọ́ kó tó dé etí bàbá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, aráalé wa, ló kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Ó ní, "Mo kàn fẹ́ rìn ni, mà."

"Rìn lọ síbo?"

"Rìn ṣáá ni, mà."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Níbi tiwa, ẹni tó bá ń rìn, ọjà ló ń lọ, tàbí oko, tàbí ó ń lọ kí aláìsàn, tàbí ó ń wá ẹni tó jẹ ẹ́ lówó kiri, bíi ti Ìyá Ìbejì tó ń fẹsẹ̀ gún ọ̀nà Adátán nítorí owó aṣọ ẹbí kan. N ò ní dárúkọ ẹni tó jẹ owó náà. Yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì ló ń gbé, ẹ má bi mí léèrè mọ́. Ẹni tó bá wá ń rìn tí kò níbi tó ń lọ, àwa a máa ní kí wọ́n gbé e lọ Àrò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ.

Ẹnu wa sì ti ba Àrò yẹn jẹ́ jù. Ọdún 1954 ni ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta níbí sì ni Dókítà Adéoyè Lámbò tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó ní kí wọ́n má ti àwọn aláìsàn mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn abúlé tó yí Àrò ká ni kí wọ́n máa gbé, kí ẹbí wọn bá wọn gbé níbẹ̀, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú bí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn oníṣègùn òkè òkun ló wá ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí wọ́n gbé yín lọ Àrò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mò ń sọ ná? Ẹ̀n-ẹ́n, ìrìn.

Ọmọ onílé ṣàlàyé fún wa. Ó ní ní ìlú òyìnbó, bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, àgbàlagbà á wọ bàtà gìdìgbà, á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, á máa tọ ipadò lọ láti abúlé dé abúlé. Á wo ògiri ààfin ọba tó ti wó láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún, á wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, á wo afárá olókùúta. Bó bá rìn tán, á mu tíì, á padà sílé. Kò ra nǹkan, kò ta nǹkan.

Ìyá Ìbejì ní, "Ṣé ìjọba wọn ló ń sanwó fún un ni?"

Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Ìjẹ̀bú, ayálégbé wa tó wà nídìí kànga, ti da epo síná. Ó ní, "Àwọn yẹn rí ohun àtijọ́ wò. Kí lẹ̀yin Ẹ̀gbá Abẹ́òkúta ní tó gbó tó bẹ́ẹ̀? Ọdún 1830 lẹ dé abẹ́ àpáta Olúmọ. Àná ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó gbó, kó wá sí Ìjẹ̀bú wá wo Erédò Sùngbọ́!"

Kí á má fi òótọ́ du ọmọ ẹlẹ́ni, Erédò kì í ṣe nǹkan kékeré. Yàrà ni, wọ́n gbẹ́ ẹ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tí wọ́n mọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ní ilé alájà márùn-ún. Àwọn kan ní ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, nígbà tí àwọn òyìnbó náà ń mọ ààfin olókùúta tiwọn. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Patrick Darling ló wọn ún kiri inú igbó, tí ariwo rẹ̀ fi gba ayé kan ní 1999. Obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ ni wọ́n ní ó gbẹ́ ẹ, Bilikísù Sùngbọ́, òun ni wọ́n ń lọ kí nínú igbó rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rí. Ibi tí èmi ti bá Bọ̀dá Ìjẹ̀bú jà ni ibi tó ti ní Sùngbọ́ yìí náà ni Ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì. Mo ní, "Bọ̀dá mi, Sólómọ́nì ti kú tipẹ́ kí ẹ tó gbé ọkọ́ lé ilẹ̀ yẹn. Ẹ ka ọdún yín dáadáa." Ó dákẹ́. Kì í sábà dákẹ́.

Bàbá Onílé, tó ti ń ṣe bí ẹni tó ń sùn lórí àga, ló wá lajú. Ó ní, "Ọdún 1830 la dé ibí. Ṣé 1830 ni wọ́n bí wa ni?"

Ó ní kí Abẹ́òkúta tó wà, inú igbó Ẹ̀gbá ni gbogbo wọn wà, ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, baálẹ̀ tàbí ọba kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, ti ń jẹ wọ́n níyà, títí tí Lísàbí fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ ní orúkọ ẹgbẹ́ àáró, tí wọ́n ń bára wọn ro oko lọ́sàn-án, tí wọ́n sì dìde sí àwọn ìlàrí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun Òwu, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1821, tún wá fa ogun mìíràn wọ igbó Ẹ̀gbá. Àwọn jagunjagun jó ìlú Ẹ̀gbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàn tí ẹ ń rí yẹn, ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá ni kí àwọn jagunjagun tó sọ ọ́ di ibùdó. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, kó wọn dé abẹ́ Olúmọ, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀ dání wá, ó sì wá àyè tirẹ̀ jókòó. Kẹ́ńta síbí, Ìgbẹ̀ìn sọ́hùn-ún, Ìkìjà, Ìtòkò, Ìjẹmọ̀. Àwọn Òwu náà dé bá wọn ní nǹkan bí 1834. "Torí náà," Bàbá Onílé ní, "ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin Abẹ́òkúta, igbó Ẹ̀gbá látijọ́ ló ń rìn já. Ẹni tó bá wọ mọ́tò, títì ló rí."

Èmi fara mọ́ ọn, kì í sì í ṣe torí pé mo jẹ owó ilé oṣù méjì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ọmọ onílé wọ bàtà gìdìgbà. Bọ̀dá Ìjẹ̀bú ní òun ń bọ̀ wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyá Ìbejì tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló di láfún àti ewédú sínú kúlà oúnjẹ. Èmi náà lọ, kí ẹnì kan lè ròyìn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Láfẹ́nwá la ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá odò. Láti apá Ṣakí lọ́hùn-ún ni odò Ògùn ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó ń lọ sí ọ̀sà Èkó. Yemọja ló ni ín, ẹ má lọ sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà sẹ́yìn, àwọn àpáta á yọrí. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, odò yìí ni ọ̀nà ọjà. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń kó epo pupa àti òwú lọ sí Èkó, tó ń kó aṣọ, iyọ̀ àti ìbọn bọ̀. Ní báyìí, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ti ní ibùdókọ̀ tirẹ̀ ní Ládérìn, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi pè é. Odò wá di ibi tí a ń fọ aṣọ, tí a sì ń wa yanrìn.

Ìyá kan tó ń fọ aṣọ rí wa. Ó wo bàtà ọmọ onílé, ó wo ìwé pélébé tó mú dání, ó dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló rán yín níṣẹ́?" A ní kò sẹ́ni tó rán wa. Ó tún bi wá. Ọmọ onílé ní àwọn kàn ń wo ògiri àtijọ́ ni. Ló bá káwọ́ lérí! Ó rò pé ìjọba ló rán wa wá kọ àmì pupa sára ilé àwọn tó kọ́lé súnmọ́ odò. Ìyá Ìbejì ló bẹ̀ ẹ́ títí, ó ṣí kúlà hàn án kó lè gbà pé láfún ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà. Ibẹ̀ la ti jẹ ìdajì oúnjẹ wa, torí ìyá náà ní kò burú, ẹ bù fún òun náà.

Ó di Àrò. Ẹ dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Odi amọ̀ ló yí Abẹ́òkúta ká láyé ọjọ́sí, ẹnubodè kan sì wà ní Àrò. Ní 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Gezo ọba Dàhómì kó ogun wá láti ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ ogun obìnrin rẹ̀ wà níwájú. Wọ́n ní àwọn Ẹ̀gbá ò mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà, àfi ìgbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára òkú kan. Inú wá bí wọn gidi: kí obìnrin fẹ́ẹ̀ gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́! Wọ́n lé Dàhómì padà. Glele ọmọ Gezo tún gbìyànjú ní 1864, wọ́n tún lé e. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Èkó ti lé e kúrò ní 1856, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń fi ìbọn àti ẹ̀tù ran ìlú lọ́wọ́. Ẹ wá wo fíìmù *The Woman King* tó jáde ní 2022. Àwọn obìnrin Dàhómì ń jà, wọ́n ń fò, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń nà. Àrò ńkọ́? Wọn ò dé ibẹ̀ rárá. Mo bínú kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n ni.

Láti Àrò, a gun òkè wá sí Ìtòkú, ọjà àwọn aládìrẹ. N ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí Ìyá Ìbejì pẹ́ níbẹ̀ fún gbogbo wa. Ó ń fọwọ́ pa àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó ń gbóòórùn ẹlú, ó ń bá àwọn aládìrẹ jiyàn pé èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ṣe àdìrẹ. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó sọ ọ́ jù.

Ní Olúmọ, Bọ̀dá Ìjẹ̀bú ní lífìtì lòun máa wọ̀. Ẹlẹ́rìí wo ló ń fi lífìtì ṣe ẹ̀rí? Lókè pátápátá, ó tó mítà 137 sí ojú òkun, gbogbo òrùlé páànù ìlú á tẹ́ sábẹ́ ojú yín, ẹ ó sì rí odò náà lọ́nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù wà nísàlẹ̀, nínú ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lákòókò ogun. Ojú kòtò tí àwọn obìnrin fi ń gún nǹkan àti èyí tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ ṣì wà lára òkúta náà. Ogun ń bẹ níta, ẹnì kan sì ń lọ ata. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn tó ń ya fọ́tò lókè tí wọ́n ń sáré sọ̀ kalẹ̀.

Aké la parí rẹ̀ sí, níbi tí olófòófó ilé wa ti ní bàbá ńlá. Ní 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, 120 owó ẹyọ ni ẹyọ kan. Ta ló kú, ta ló dé, ọba wo ló jà, èló ni òwú: àṣírí àgbàlá ni, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ó wá sópin ní 1867, nígbà tí inú bí Ẹ̀gbá tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ohun tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ṣì dúró níbẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ ní 1930 fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú náà ò jìnnà sí i. Iwájú ààfin ibẹ̀ náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà ti jókòó nítorí owó orí, tí wọ́n ń fi orin bú ọba, Aláké Adémọ́lá, títí tó fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ìyá Ìbejì ní ká tún sọ ìyẹn fún òun. Mo rò pé yàrá kẹta ló ń rò.

Bọ̀dá Ìjẹ̀bú gbà pé a ní nǹkan. Ó ní Erédò ṣì gbó jù ú lọ. Ó gbó jù ú lọ lóòótọ́.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ rìn ín, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ lọ. Bó bá di oṣù Kẹsàn-án, tí òjò pọ̀, tí wọ́n ń tú omi sílẹ̀ láti Dáàmù Ọ̀yán, ipadò Ògùn kì í ṣe ibi eré. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Láfẹ́nwá, ẹ kí àwọn tí ẹ bá bá nídìí omi kí ẹ tó yọ fóònù, kí ẹ sì tètè sọ fún wọn pé ìjọba kọ́ ló rán yín. Ẹ mú omi dání. Láti Àrò dé Olúmọ, òkè ni gbogbo rẹ̀.