Oríkì Ìfófòó, Ajẹdẹ-Láìléyín

Ìfófòó, mo kí ọ, ọmọ ọlọ́lá! Ọmọ omi tútù tó hó láì rí iná. Wọn ò ṣẹ́gi, wọn ò dáná, omi hó. Ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí ọ sí, níbi tí irin ti ń sáré àsápajúdé, tí nǹkan kò tẹ omi mọ́lẹ̀ tó mọ́, tí omi fi di oru. Ọmọ tí kì í dúró de ọjọ́ ìkómọ! A ò tíì ṣẹ́jú, o ti kú.

Ikú ọ̀hún gan-an ni oyè rẹ. Bí o bá dé ibi tí omi ti fún ọ mọ́ra, omi á ya lù ọ́, á gún àárín rẹ já, á sì gún irin lára bí abẹ́rẹ́. Àbíkú inú omi, o kú, o tún wá, ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Àbíkú ẹlòmíràn, òun ni wọ́n ń fi àmì sí lára. Ìwọ lò ń fi àmì sára ẹni tó bí ọ. Olóòlà tí kò lábẹ! Idẹ tó ń dán ti dà bí afárá oyin, kò sì sí oyin níbẹ̀.

Charles Parsons, onímọ̀ ẹ̀rọ, mọ̀ ọ́. Lọ́dún 1894, ó fi ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì sínú ọkọ̀ Turbinia nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnnì ń bẹ́ gìjàgìjà, ọkọ̀ ń rọra lọ: ìwọ lo ti bo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1895, ó kan àpótí omi tó ní fèrèsé dígí kó lè rí ojú rẹ. Ọba mélòó ni wọ́n kọ́ irú ààfin bẹ́ẹ̀ fún? Ìgbà tó pín iṣẹ́ títi ọkọ̀ náà fún abẹ̀bẹ̀ 9 lórí ọ̀pá 3 ni ọkọ̀ tó fò bí ẹyẹ níwájú àwọn ọkọ̀ ogun ní Spithead, lọ́dún 1897. Lọ́dún 1917, Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì, jókòó, ó ṣírò agbára ikú rẹ. Òkú wo ló gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ rí?

Bí o bá wọ ilé tọ́báìnì omi tó ń fún wa níná, ariwo rẹ á dà bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo. Ọ̀gá ẹ̀rọ á gbórí mú. Wẹ́dà á dé, á jó irin dí ihò, á lọ irin náà títí á fi dán. Oúnjẹ ọ̀tun nìyẹn, ìwọ á tún jókòó tì í.

Ó tó, ọlọ́lá. Ẹni tó kini kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Kí lo fẹ́ ta mí lọ́rẹ? Ihò? Gbà á padà, àpò mi ti ní tirẹ̀.