Họ́ọ̀bù Mi Ti Kú, Wọn Ò Jẹ́ Kí N Sin Ín

Ẹ̀yin ará, ta ni n ó lọ fẹjọ́ sùn? Ní Àgbádárìgì wa yìí, ẹ̀yà ọkọ̀ kì í kú. Ó lè fọ́, ó lè jò, ó lè jóná, ó lè já bọ́ sójú títì ní Mòwó kí ajá gbé e lọ, mẹkáníìkì á ṣì yẹ̀ ẹ́ wò, á mi orí, á ní, "Ọ̀gá, á ṣì mánéèjì." Bóyá torí pé ìlú wa ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tó ti dúró láti ọdún 1845, ni wọ́n ṣe gbà pé ohunkóhun tó bá ti dé ibí gbọ́dọ̀ wà títí ayé. Ilé yẹn kò sáré lójú títì rí o.

Corolla àlòkù mi lọ̀rọ̀ kàn. Ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mo bá yà sí òsì, á kùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ti ní mọ́tò àlòkù rí mọ̀ pé béárìn ló ń sunkún yẹn. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó pa á. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fẹ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì lójú, wọ́n ní ojú ọ̀nà mẹ́wàá ni yóò jẹ́, ọkọ̀ ojú irin á sì gba àárín rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023, ó gbéra láti Marina, ó dé Máìlì 2, ó dúró. N kò bá a wí. Bí èmi náà bá lè máa dúró ní Máìlì 2, béárìn mi ì bá wà láàyè. Àmọ́ èmi gbọ́dọ̀ délé. Kòtò á gbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ létí, omi òjò inú kòtò á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wọlé, á fọ gírísì kúrò, afẹ́fẹ́ òkun tòun tiyọ̀ á sì bá wọn parí iṣẹ́.

Béárìn kì í ṣe ìṣòro, a máa ń ra tuntun. Họ́ọ̀bù ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò ní ju kọ̀rọ̀pẹ́ tó ń wọ̀ lọ: họ́ọ̀bù ni irin tí a ń de táyà mọ́. Ó ní ojú pẹrẹsẹ tí bóòtì ń wọ̀, ó ní ọrùn tó ń wọnú béárìn. Kò sí bóòtì tó mú òrùka inú béárìn mọ́ ọrùn yẹn. Fífún tó fún un pinpin ló mú un. Nítorí náà, bí wọ́n bá tú u, òrùka máa ń kọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọrùn. Ẹni tó ní púlà á fi púlà fà á. Ọ̀gá tèmi ní gráíńdà. Ó gé òrùka, ó sì gé ọrùn họ́ọ̀bù mọ́ ọn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wojú mi, ó ní kò ṣe nǹkan kan.

Bí ìgbìmọ̀ ṣe pé jọ nìyẹn. Ẹni tó ń jórin ní ẹ̀gbẹ́ wa ní òun á jórin dí i, kí wọ́n wá ha á. Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ èrò lọ sí Kùtọnù títí ó fi gba ìsinmi ní kí n gé agolo mílíìkì, kí n fi wé e lọ́rùn. Ẹnì kan tí ó kàn wá ra omi tútù ní kí wọ́n fi òòlù àti pọ́ọ̀ǹṣì gún un wúruwùru, ó ní ara rẹ̀ á wú, á di òrùka mú. Ìyàwó mi nìkan ló béèrè ìbéèrè: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀mí ta lẹ fẹ́ fi dán an wò?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìgbìmọ̀. Ẹ fi bẹntiróòlù fọ ọrùn náà kó mọ́, kí ẹ fi èékánná wá ojú ibi tí gráíńdà gbà. Bí ó bá jẹ́ híha díẹ̀ tí etí rẹ̀ kàn yọ sókè, fáìlì kíkúnná á tẹ́ ẹ, a lè tún un lò. Bí ó bá jìn, a kì í lò ó, torí ojú ibẹ̀ gan-an ni yóò ti sán nígbà tó bá ń yí lábẹ́ ẹrù. Bí ọrùn bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó ní àwọ̀ búlúù, òrùka ti ń yí lórí rẹ̀, iná ti jó o. Ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ wọ́: 0.05 mílímítà péré ni Toyota gbà, irun orí nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti jíjórin, iná rẹ̀ ń ba líle irin jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ni yóò sì ti kán. Ti agolo mílíìkì, n kò ní sọ nǹkan kan, àgbà ló sọ ọ́.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé òrùka tuntun kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ wọlé. Ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ wọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n dán tèmi wò. Ọmọ iṣẹ́ tó ń jẹ gúgúrú fi ọwọ́ kan ti òrùka tuntun wọlé, gúgúrú ṣì wà lọ́wọ́ kejì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i?"

Ó ní, "Mo rí i, Ọ̀gá. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò tiẹ̀ yọ wá lẹ́nu rárá."

Mo wọ danfo lọ sí Èkó, sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, torí mo ṣì máa padà lọ síbẹ̀. Wọ́n gbé họ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kan fún mi, ó ń dán gbinrin. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha ọ̀dà ọrùn rẹ̀ díẹ̀: ojú pọ́ọ̀ǹṣì ló kún ibẹ̀ wúruwùru. Ó yé mi wàyí ìdí tí ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń bẹ̀ mí pé bí n kò bá ní lo tèmi mọ́, kí n ṣáà fi sílẹ̀ fún àwọn.

N kò fi sílẹ̀. Mo san owó fún ẹni tó ń jórin, ó gé e sí méjì lójú mi, mo sì ta á fún àwọn tó ń ra àjákù irin. Bí ẹ bá fẹ́ ra họ́ọ̀bù tòkunbọ̀, ẹ mú béárìn yín dání lọ sọ́jà. Bí ó bá fi ọwọ́ wọlé, ẹ dá a padà fún wọn.